Àwọn Igi Tàmálè

Inú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Òkè-Oyi ni Safiyat wà nígbà tí ẹnì kan kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ó jókòó ti fèrèsé, eruku bo bàtà rẹ̀, ó gbé ìdì nẹ́ẹ̀tì lé itan. Fóònù rẹ̀ dún. Nígbà tó wò ó, ó rí i pé láti orí ìkànnì tí àwọn onímọ̀ nípa igi ti máa ń fi iṣẹ́ wọn han ara wọn ni ìró náà ti wá. Ó ti pẹ́ tó ti gbé iṣẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò sọ pé ó dáa, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé kò dáa.

Ìbéèrè ni ẹni náà kọ. "Salaam alaykum. Ṣé oyin ti máa ń dé orí òdòdó èmì lọ́dọ̀ yín kí oòrùn tó mú? Níbi tiwa, wọ́n ti ń pẹ́ kí wọ́n tó wá. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn kì í wá rárá." Orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni Ummu Salamah, Tàmálè, ilẹ̀ Ghana.

Safiyat ka ọ̀rọ̀ náà ní àkàtúnkà títí bọ́ọ̀sì fi wọ ìlú. Kọ̀ńdọ́ ní láti pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ pé òun ti dé ibi tí òun á ti sọ̀.

Olùkọ́ ni Safiyat ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Igi èmì ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Ó pọ̀ nínú oko àwọn ará Òkè-Oyi. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, igi náà á yọ òdòdó, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo oko. Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ti ń dín kù. Àwọn obìnrin tó ń ṣa á ló kọ́kọ́ sọ fún un. Èrò Safiyat ni pé oyin ló ti ń wọ́n, nítorí oògùn tí wọ́n ń fín sóko. Kó lè mọ òótọ́ ibẹ̀, ó máa ń fi àpò nẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀ka mélòó kan kí oyin má lè dé ibẹ̀, á fi àwọn ẹ̀ka yòókù sílẹ̀ gbayawu. Bó bá yá, á padà lọ wo èyí tó so nínú wọn.

Iṣẹ́ àdáṣe ni. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń wọ igbó ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wọn ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn tó kù, inú yàrá ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí tiwọn. Bí Safiyat bá ti oko dé, wọ́n á kí i, wọ́n á bi í bóyá oòrùn mú, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Nígbà tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta, ọ̀gá ẹ̀ka náà, Prọ́fẹ́sọ̀ Olúṣọlá, pè é sí ọ́fíìsì.

"Dókítà, mo gbọ́ pé ẹ kó gbogbo dátà yín sórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí jọ́nà kankan tó bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde? Wọ́n á jí i mọ́ yín lọ́wọ́ o."

"Sà, bí ẹnì kan bá jí i, á jẹ́ pé ó kà á nìyẹn."

Prọ́fẹ́sọ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Safiyat ò ṣàwàdà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ilé tó ń gbé ní Tanke. Òkè pátápátá ni yàrá tirẹ̀ wà. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú ká kó tó kó débẹ̀, kò sì bímọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà níwà, wọ́n á kúnlẹ̀ kí i lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n bó bá ti ń kọjá, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á dúró kó wọlé tán kí wọ́n tó máa bá ẹ̀rín wọn lọ. Nígbà ìsinmi tí gbogbo wọn bá ti lọ sílé, ìró fáànù nìkan ló máa ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mansur, tó ń bójú tó ilé-kéwú bàbá wọn ní Pákàtà, máa ń sọ fún un pé kó padà wálé. Safiyat á ní ó dáa, òun á rò ó. Ó mọ̀ pé bí òun bá padà, ọkọ ni wọ́n á máa wá fún òun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ Ummu Salamah dé, ó fèsì. Ummu Salamah náà fèsì. Àwọn mìíràn lórí ìkànnì náà yà síbẹ̀, wọ́n sọ gbólóhùn kan tàbí méjì, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn méjèèjì ló ṣẹ́kù. Kí òdòdó mìíràn tó yọ, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn á jọ ṣe iṣẹ́ kan náà, ọ̀kan ní Òkè-Oyi, èkejì lẹ́yìn Tàmálè. Bákan náà ni wọn á ṣe máa so nẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọn á máa ka òdòdó, wọ́n á sì máa ya fọ́tò igi kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣí ojú ìwé kan lórí ìkànnì náà tí àwọn méjèèjì lè máa kọ̀wé sí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá wù lè wọlé wá kà á.

Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, Safiyat á po tíì, á ṣí láptọ́ọ̀pù. Bí Ummu Salamah bá wà níbẹ̀, àmì tẹ́ẹ́rẹ́ kan á máa ṣẹ́jú lójú ìwé, orúkọ rẹ̀ á wà lórí àmì náà. Safiyat á máa wò ó bó ti ń rìn, tó ń kọ̀wé, tó ń pa á rẹ́, tó tún ń kọ ọ́. Kò pẹ́ tó fi mọ ìṣe rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó máa ń ro gbólóhùn kan pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí inú rẹ̀ bá dùn, kì í rántí fi àmì ìdánudúró sí i. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé, níbi tí èèyàn ti lè kọ ọ̀rọ̀ kékeré, wọ́n máa ń kí ara wọn.

"O ti jí."

"Mo ti jí. Ọyẹ́ mú níbí, ètè mi ti là."

"Fi òrí pa á. Bí àwa ò bá rí òrí lò, ta ló fẹ́ rí i lò?"

Safiyat rẹ́rìn-ín sókè lọ́jọ́ náà. Ìró ẹ̀rín náà nínú yàrá ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Wọ́n ní nọ́ńbà fóònù ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í pe ara wọn. Ọ̀rọ̀ igi, ọ̀rọ̀ oyin, ọ̀rọ̀ ọyẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí. Safiyat ò bi í rí bóyá ó lọ́kọ, bóyá ó bímọ, ta ló wà nílé rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀wọ̀ nìyẹn. Òun náà kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun.

Ọdún kìíní kọjá, èkejì kọjá. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó hàn gbangba pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbi méjèèjì, pé ibi tí oyin bá ti wọ́n, òdòdó á kàn rẹ̀ dànù ni. Ti Tàmálè tiẹ̀ burú sí i lọ́dún kejì. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n gbé e sórí ìkànnì, pẹ̀lú nọ́ńbà àti fọ́tò rẹ̀, kí àwọn ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn èèyàn wá. Wọ́n kọ̀wé láti Mali, láti Burkina, láti Uganda. Prọ́fẹ́sọ̀ Olúṣọlá dá Safiyat dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Mo rí i." Láti ìgbà tí Safiyat ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀gá náà rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Hamzah kọ̀wé. Oníṣẹ́ ìwádìí kan ni, ní Minna. Safiyat ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó kọ sábẹ́ iṣẹ́ náà ni pé, "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn fọ́tò Tàmálè ti ọdún kejì. Ó jọ pé fọ́tò ọdún kìíní ni wọ́n, tí wọ́n kàn yí apá ọ̀tún wọn sí òsì. Nẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tó ya ní igun kan náà lọ́dún méjèèjì. Ó lè jẹ́ pé ẹ ṣèèṣì gbé e síbẹ̀ ni."

Inú bí Safiyat gan-an. Ó kọ ọ́ pé, "Obìnrin tí ẹ ń sọ yìí ti rìn nínú oòrùn ju ọ̀pọ̀ ẹni tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Tí ẹ bá fẹ́ bá iṣẹ́ jà, ẹ bá iṣẹ́ jà. Ẹ má fi èébú kan èèyàn." Gbogbo ayé ló rí i.

Hamzah ò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó kàn fèsì pé, "Ẹ máa bínú, mà. Mo kàn ní kí ẹ bá mi wò ó ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tán, Safiyat tilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ṣí àwọn fọ́tò náà. Ó yí ọ̀kan padà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Nẹ́ẹ̀tì náà ya ní igun kan náà lóòótọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó lè ya bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ìsàlẹ̀ igi. Alángbá kan wà lára èèpo igi náà, ó gbé orí sókè. Nínú fọ́tò kejì, alángbá wà níbẹ̀, orí rẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò lára igi gẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Nẹ́ẹ̀tì méjì lè ya bákan náà. Ṣùgbọ́n alángbá wo ló máa dúró sójú kan fún odidi ọdún?

Ó lọ sórí ojú ìwé wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, "Ṣé o ti rí ọ̀rọ̀ Hamzah?" Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí èsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orúkọ Ummu Salamah yọ, àmì rẹ̀ wá dúró sórí ìbéèrè náà. Kò rìn, kò kọ̀wé. Lẹ́yìn náà, ó lọ.

Safiyat gbé fóònù, ó pè é.

"Safiyat." Ohùn náà wúwo, ó dàgbà ju èyí tí ó ti ń gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé èmi ni?"

"Ta ni ì bá tún pè mí láti Nàìjíríà?"

Safiyat ń gbọ́ ìró ọ̀kadà tó ń kọjá lọ́hùn-ún.

"Àwọn fọ́tò yẹn," ni Safiyat wí.

"Wọ́n ti gé wọn."

"Wọ́n gé kí ni?"

"Àwọn igi náà. Gbogbo wọn pátá. Lẹ́yìn ọdún kìíní, àwọn tó ni ilẹ̀ tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùkùté ni mo bá. Wọ́n ti ń fi àwọn ẹ̀ka sun èédú."

Safiyat jókòó. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ọjọ́ tí mo rí i gan-an ni mo fẹ́ sọ. Mo ṣí ojú ìwé wa, o ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. O kọ ọ́ pé, 'O ti jí, mo ti ń retí rẹ.' Mo ní ọ̀la ni n ó sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀la dé, o tún wà níbẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ọkọ mi ti kú. Accra ni àwọn ọmọ mi wà. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti ń retí kí n lọ sinmi. Bí igi bá tán, iṣẹ́ tán. Bí iṣẹ́ bá tán, kí lo tún fẹ́ máa wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Safiyat ní èsì ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Pé wọ́n gé wọn gan-an, ohun tó yẹ ká kọ nìyẹn. Ó ju gbogbo nọ́ńbà yẹn lọ."

"Mo ti mọ̀ báyìí."

"Àwọn nọ́ńbà náà ńkọ́?"

"Tìrẹ ni mo wò, mo sì dín in kù díẹ̀." Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé o ò lè bá mi sọ pé mo kàn ṣi fọ́tò gbé ni?"

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, Ummu Salamah."

Fóònù já. Safiyat ò mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á, tàbí pé ó pa á ni. Ó tún pè é. Kò wọlé.

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń kọ ohun tó fẹ́ kọ, tó ń pa á rẹ́. Ó fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ọdún gígùn lè ṣe sí ẹni tí kò rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ó rí i pé àṣírí ẹlòmíràn ni, kì í ṣe tòun láti tú. Níkẹyìn, ó kọ ọ́ ní ṣókí: "Ní ọdún kejì, kò sí igi ní Tàmálè mọ́. Wọ́n ti gé wọn, ilé ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Àwọn nọ́ńbà àti fọ́tò tí a gbé síbí fún ọdún náà kì í ṣe òótọ́. Mo ti yọ iṣẹ́ náà kúrò. Hamzah, ẹ ṣeun, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ìyìn ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n ní olóòótọ́ ni, wọ́n ní irú rẹ̀ ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fẹ́. Wọ́n ń ya àwòrán ọkàn pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Safiyat ń wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n ń kí i kú oríire lórí òkú. Àwọn kan wà tí wọ́n ń bú Ummu Salamah, wọ́n ń pè é ní olè àti òpùrọ́. Ó fèsì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kọ: "Ẹ fi í sílẹ̀."

Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, orúkọ Ummu Salamah kúrò lórí ìkànnì náà. Ó ti pa ara rẹ̀ rẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kọ ṣì wà bó ṣe wà, láti orí ìbéèrè nípa oyin títí dé orí àwàdà òrí, ṣùgbọ́n níbi tí orúkọ rẹ̀ máa ń wà, ohun tí ìkànnì kọ síbẹ̀ ni "Ẹni yìí kò sí mọ́." Safiyat fà á sókè, ó fà á sísàlẹ̀. Ojú ìwé lórí ojú ìwé, ó ń rí ibi tí òun ti ń bá ẹni tí kò sí mọ́ ṣeré.

Prọ́fẹ́sọ̀ Olúṣọlá pè é. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kó jókòó.

"Ẹ ò mọ̀ sí i, àbí?"

"Mi ò mọ̀ sí i, sà."

"Obìnrin náà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa tẹ́lẹ̀?"

Safiyat fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Prọ́fẹ́sọ̀ gbé tíṣù sún mọ́ ọn, ó dìde, ó lọ dúró sójú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ bọ́ọ̀sì níta. Inúure ni, Safiyat sì mọ̀ ọ́n sí inúure, àmọ́ kò yanjú ohunkóhun.

Hamzah kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní igi èmì pọ̀ nítòsí Minna, pé bí kò bá bínú, òun lè gba ipò Tàmálè. Safiyat fi ìwé náà sílẹ̀ láìfèsì títí òdòdó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Lẹ́yìn náà, ó ní ó dáa. Iṣẹ́ náà gba ara rẹ̀ là. Hamzah mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í ṣàṣìṣe. Á wọlé, á kọ ohun tó bá fẹ́ kọ, á jáde. Wọ́n kọ nípa kùkùté Tàmálè náà, ní ìpínrọ̀ kan péré, wọn ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, jọ́nà gbà á. Ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, wọ́n ra bisikíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ṣe àdúà fún un, wọ́n sì tètè tú ká nítorí pé wọ́n ní ìdánwò.

Nígbà tí Safiyat padà délé lọ́jọ́ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ò tíì dé. Ó bọ́ bàtà, ó kírun Àsárì. Ó jókòó lórí ẹní ìrun, kò dìde. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú un, ó tẹ nọ́ńbà Tàmálè. Ó ti gbà pé kò ní wọlé, ṣùgbọ́n ó dún, ó dún, wọ́n sì gbé e.

"Safiyat."

"Èmi ni."

Safiyat ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, nípa iṣẹ́ náà, nípa ohun tí kò sọ nígbà tó yẹ kó sọ ọ́. Kò rí ọ̀kankan mú nínú wọn.

"Ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" ni Ummu Salamah bi í.

"Kò tíì rọ̀. Ó ṣú lánàá, afẹ́fẹ́ gbé e lọ."

"Níbí náà. A gbé àwọn bàsíà síta, a tún gbé wọn wọlé."

"Ta lẹ jọ gbé wọn?"

"Èmi nìkan," ni Ummu Salamah wí. "Èmi nìkan ni mo gbé wọn."

"Ó dáa," ni Safiyat wí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń gbọ́ bí obìnrin náà ti ń mí ní ilẹ̀ Ghana. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí káàdì orí fóònù fi tán.